Heisman: Ọkùnrin tó jà títí wọ́n fi gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ̀lẹ́bí l'Amẹ́ríkà, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé tí oṣù kejìlá bá ti ń wọlé, orúkọ kan ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wọn: Heisman. Ta ló máa gbà á lọ́dún yìí? Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún náà kò gbẹ́yìn nínú eré bọ́ọ̀lù yìí, irú bíi Adewale Ogunleye, àti Obafemi Ayanbadejo pẹ̀lú Brendon àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo Heisman pé kí ni Heisman, ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n máa sọ fún yín. Ife-ẹ̀yẹ ni lóòótọ́. Àmọ́ kó tó di ife-ẹ̀yẹ, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ó níyàwó, ó kọ ìyàwó, ó ṣe tíátà, ó lè bínú gan-an, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn fún ọdún mẹ́wàá kó tó rí i pé ó ṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju pé: kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn máa ju bọ́ọ̀lù síwájú.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ ká mọ irú bọ́ọ̀lù tí à ń sọ. Kì í ṣe èyí tí àwa máa ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni àwọn Amẹ́ríkà fi ń mú tiwọn, bọ́ọ̀lù náà gùn, ó sì rí ṣóńṣó ní ìkángun méjèèjì. Ẹni tó gbé e á máa sáré, àwọn alátakò á máa lé e, tí ọwọ́ bá bà á, wọ́n á là á mọ́lẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ikọ̀ tó ni bọ́ọ̀lù lè gbìyànjú láti fi rin yáàdì mẹ́wàá. Tí wọn ò bá rìn ín pé, bọ́ọ̀lù di ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí wọ́n bá gbé e dé òpin pápá àwọn alátakò, touchdown nìyẹn, ìyẹn ni góòlù tiwọn.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà ju bọ́ọ̀lù yìí sí ẹnìkejì rẹ̀. Ó lè jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn, ó sì lè jù ú síwájú. Èyí tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn, òfin kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni lè jù ú, ibikíbi tó bá wà lórí pápá, iye ìgbà tó bá wù ú. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé tí kò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jù ú sí, tó já sílẹ̀, eré ò tíì dúró o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dì mọ́ ọn ló ni ín. Èyí tó ń lọ síwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè jù ú nínú ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì fẹ́ jù ú kò gbọ́dọ̀ tíì kọjá ìlà tí ìgbìyànjú náà ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òun ní tirẹ̀, tó bá já sílẹ̀, eré parí, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbìyànjú kan lásán ni wọ́n pàdánù. Òfin òde òní nìyẹn. Nígbà tí Heisman wà lọ́mọdé, kò sí ohun tó ń jẹ́ jíjù síwájú rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1869 ni wọ́n bí John William Heisman ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn náà, ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ni Rutgers àti Princeton pàdé ní New Brunswick nínú eré tí àwọn Amẹ́ríkà gbà pé òun ni àkọ́kọ́ láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì. Òun àti eré náà jọ dàgbà ni, bí ìbejì tí wọn ò bí sílé kan náà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ Rutgers àti Princeton kò gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jù ú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a jù.

Ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń kan àgbá, nígbà tí ọmọ náà sì wà ní kékeré, wọ́n kó lọ sí Titusville ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìlú yìí ni wọ́n ti gbẹ́ kànga epo rọ̀bì tó di olókìkí lọ́dún 1859, níbi tí epo bá sì wà, àgbá kò ní ṣaláì tà. Titusville ni ọmọ náà ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, pé eré ẹranko ló pè é, kò sì wá wo ọmọ rẹ̀ lórí pápá. Ẹ má tíì dá bàbá lẹ́bi. Ẹ ó rí i níwájú pé kì í ṣe òun nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1887 ó lọ sí Yunifásítì Brown, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Pennsylvania láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò ga, kò sì sanra, nǹkan bíi pọ́ùn 158 ló wọ̀n, àmọ́ ó ń bá àwọn géńdé tó fi púpọ̀ jù ú lọ wọ̀yá ìjà lórí pápá. Ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà lọ́dún 1892. Kò ṣiṣẹ́ lọ́yà. Lọ́dún yẹn kan náà ló di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin, ní Ohio, láti ìgbà náà sì ni iṣẹ́ kóòṣì ti gba ayé rẹ̀ fún sáà mẹ́rìndínlógójì.

Lọ́dún kejì, ní Buchtel tí wọ́n ń pè ní Akron báyìí, ó ṣe ohun kékeré kan tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí. Nígbà náà, tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú, ẹni tó wà láàárín ìlà máa ń yí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ ni sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn nínú ikọ̀ Heisman ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́rin, kó tó bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀, àwọn alátakò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Heisman bá ní kí ẹni àárín máa fi ọwọ́ jù ú sókè sẹ́yìn sí i. Báyìí gbogbo ikọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, lójú òfin sì rèé, jíjù sẹ́yìn ni. Ìyẹn ni pé kí ọkùnrin tó jà fún jíjù síwájú tó bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀ rárá, ó ti kọ́kọ́ tún jíjù sẹ́yìn ṣe.

Lọ́dún 1895 ó kọjá sí gúúsù, sí Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama. Níbẹ̀ ló ti fi ẹ̀tàn kan ṣe wọ́n ní kàyééfì nínú eré wọn pẹ̀lú Vanderbilt. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbá ara wọn jọ yí ọ̀kan nínú wọn ká, onítọ̀hún ki bọ́ọ̀lù bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n túká, gbogbo ayé ń lé àwọn tí kò mú nǹkan kan dání, ọmọkùnrin yẹn sì rọra sáré lọ gba touchdown. Síbẹ̀ náà, Vanderbilt ló borí, 9 sí 6.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ́dún náà. Lóṣù kẹwàá, ọdún 1895, Heisman lọ sí Atlanta láti lọ wo eré North Carolina àti Georgia. Ó lọ ṣe amí ni, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bá Georgia pàdé láìpẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ọmọ North Carolina kan fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kúrò níwájú ilé wọn, àwọn Georgia ti yí i ká, kò ráàyè. Ó bá sá lọ sápá ọ̀tún, nígbà tí ìdààmú sì pọ̀ jù fún un, ó sọ bọ́ọ̀lù náà síwájú. Ẹnìkejì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ George Stephens hán an, ó sì sáré nǹkan bí àádọ́rin yáàdì pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin pápá. Touchdown. Pop Warner, ẹni tó jẹ́ kóòṣì Georgia nígbà náà, fárí gá pé èyí lòdì sófin, òtítọ́ ló sì sọ. Rẹfirí ní òun ò rí i pé ẹnikẹ́ni ju nǹkan kan. Ó kà á sí ire fún North Carolina, wọ́n sì borí, 6 sí òdo.

Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ tí rẹfirí kò fi ìyà jẹ. Heisman rí ohun mìíràn. Ohun tó rí ni pé gbogbo àwọn géńdé tó ti kó ara wọn jọ sójú kan láti tẹ ọmọ kan pa, ìsọ̀kò kan ṣoṣo ti sọ wọ́n di ẹni tí kò mọ ibi tó máa sá gbà. Pápá tó há mọ́ wọn ti fẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ju ọ̀rọ̀ eré lásán lọ. Lẹ́yìn ọdún 1874, tí Harvard kọ́ rọ́gíbì lọ́wọ́ McGill ti Kánádà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọ́n sì mú òfin rọ́gíbì dání pé ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni èèyàn lè ju bọ́ọ̀lù sí. Walter Camp ti Yale, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá eré náà, wá fi òfin tirẹ̀ kún un. Lọ́dún 1880 ó mú ìlà wá, tí ikọ̀ kan máa ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1882 wọ́n ní kí ikọ̀ náà rin yáàdì márùn-ún nínú ìgbìyànjú mẹ́ta. Ọgbọ́n wà nínú àwọn òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ yáàdì márùn-ún péré lo nílò, tí o kò sì lè ju bọ́ọ̀lù kọjá orí àwọn tó dí ọ lọ́nà, kí lo máa ṣe? O lè jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ tó bá já, ọwọ́ ọ̀tá ló lè bọ́ sí. Ohun tó rọrùn jù ni kí o kó gbogbo èèyàn rẹ jọ, kí wọ́n di ara wọn mú ṣìnkún, kí wọ́n sì fi orí àti èjìká rọ́ lu àwọn tó wà níwájú. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún 1892 Harvard gbé ọ̀kan jáde nínú eré wọn pẹ̀lú Yale tí àwọn ọmọkùnrin ti sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n tò bí ẹnu àáké, wọ́n sì rọ́ lu ẹyọ ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ wọn ò dé akoto.

Ọmọ ń kú. Lóṣù kẹwàá ọdún 1897, nígbà tí Heisman ṣì wà ní Auburn, ọmọ Georgia kan tó ń jẹ́ Richard Von Gammon fara gbọgbẹ́ nínú eré wọn pẹ̀lú Virginia ní Atlanta. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a lókùú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Georgia fi ìbínú dìbò pé kí wọ́n fòfin de bọ́ọ̀lù náà jákèjádò ìpínlẹ̀. Ìwé kù kí Gómìnà Atkinson fọwọ́ sí i. Ìyá ọmọ tó kú ló wá kọ̀wé sí aṣòfin pé kí wọ́n má fi ikú ọmọ òun pa eré tí ọmọ òun fẹ́ràn. Gómìnà kò fọwọ́ sí i mọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá ka ìtàn obìnrin yìí, mo máa ń dúró díẹ̀. Èwo nínú wa ló máa lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí omijé ò tíì gbẹ lójú? Tí kò bá kọ ọ́, Georgia Tech ò bá má ní ikọ̀ tí Heisman máa wá ṣe kóòṣì fún.

Heisman ní tirẹ̀ gbà pé ohun tó rí lọ́dún 1895 ni oògùn àrùn náà. Tí wọ́n bá lè ju bọ́ọ̀lù síwájú, àwọn tó ń ṣọ́lé kò ní lè kóra jọ sójú kan mọ́, wọ́n á ní láti fọ́n ká, ìgbà tí wọ́n bá sì fọ́n ká, ta ni wọ́n máa rọ́ lù? Ó kọ̀wé sí Walter Camp tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn tó ń ṣòfin. Kò rí ojúure. Ó tún kọ. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbààgbà ṣe máa ń rí: àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ti ìlà oòrùn ló ń ṣòfin, ta ni kóòṣì kan láti gúúsù tó fẹ́ wá kọ́ wọn ní eré tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀? Ohun tó wu Camp ni kí yáàdì márùn-ún di mẹ́wàá.

Láàárín ìgbà yẹn, Heisman ti kúrò ní Auburn, ó ti lọ sí Clemson lọ́dún 1900. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìtàn pé lọ́dún 1902 ó kó àwọn kan ṣáájú lọ sí Atlanta, wọ́n mutí, wọ́n jó mọ́jú, inú àwọn ọmọ Georgia Tech ń dùn pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ọ̀mùtí. Àṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù gangan ti sùn síbòmíràn. Clemson na Georgia Tech 44 sí 5. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Clemson tún nà wọ́n 73 sí òdo. Georgia Tech bá ro ó pé ẹni tó ń nà wọ́n bí báyìí, á dára kó wà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n fún un ní dọ́là 2,250 lọ́dún àti ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá pa lẹ́nu ọ̀nà pápá wọn. Ó kó dé lọ́dún 1904. Lọ́dún tó ṣáájú ló fẹ́ Evelyn McCollum Cox, òṣèré tíátà tó jẹ́ opó. Òun náà máa ń ṣe tíátà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́lidé, ohùn orí ìtàgé yẹn ló sì máa ń gbé wá bá àwọn ọmọ lórí pápá. Ó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, á sì fi èdè tó wúwo ṣàlàyé ohun tó jẹ́, kó tó wá kìlọ̀ pé ó sàn kí èèyàn ti kú ní kékeré ju kí bọ́ọ̀lù yìí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ tí eré bá ti wọlé. Ó ní ó ń sọ ara di ọ̀lẹ.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1905, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Àwọn tí bọ́ọ̀lù pa lọ́dún yẹn nìkan, ó kéré tán wọ́n tó méjìdínlógún. Ààrẹ Theodore Roosevelt ti pe Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House lóṣù kẹwàá pé kí wọ́n tún ilé wọn ṣe. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń pa bọ́ọ̀lù tì. Lóṣù kejìlá, aṣojú ilé ẹ̀kọ́ 62 pàdé ní New York láti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí ló di NCAA lẹ́yìn náà. Nígbà tí òfin tuntun jáde lọ́dún 1906, Camp rí yáàdì mẹ́wàá rẹ̀ gbà. Heisman náà rí tirẹ̀. Wọ́n ti fàyè gba jíju bọ́ọ̀lù síwájú.

Àyè tí wọ́n fi ìfun wọ́n ni o. Ẹni tó bá fẹ́ jù ú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò láàárín, kó lọ tó yáàdì márùn-ún sápá kan. Tí bọ́ọ̀lù bá já sílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó di ti àwọn alátakò lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé ewu rẹ̀ ju ti jíjù sẹ́yìn lọ? Nínú jíjù sẹ́yìn, o ṣì lè sáré padà lọ gbé e. Lọ́jọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1906, ní Waukesha, ní Wisconsin, Bradbury Robinson ti Yunifásítì St. Louis ju èyí àkọ́kọ́ tó bófin mu. Ó já sílẹ̀. Carroll College gba bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá ó tún ju òmíràn, Jack Schneider gbà á, ó di touchdown. Eddie Cochems ni kóòṣì wọn, òun ló kọ́kọ́ fi jíjù síwájú ṣe iṣẹ́ gidi, òkìkí rẹ̀ kò sì kàn tó bó ṣe yẹ nítorí pé St. Louis jìnnà sí àwọn akọ̀ròyìn New York. Lọ́dún 1912 ni wọ́n tó tú okùn tó pọ̀ jù sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbìyànjú mẹ́ta di mẹ́rin, wọ́n sì mú òté yáàdì ogún tí wọ́n ti fi lé e kúrò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Notre Dame, tí Knute Rockne wà nínú wọn, lọ na ikọ̀ ọmọ ogun 35 sí 13 ní West Point, bọ́ọ̀lù ń fò kọjá lórí àwọn ṣọ́jà. Ọjọ́ náà ni Amẹ́ríkà tó gbà pé nǹkan ti yí padà.

Ẹ máa rò pé Heisman ni yóò máa jù ú jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti yà mí lẹ́nu nìyí. Ní Georgia Tech, ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n ìdúró ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní ìlànà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fò láti ibi tí wọ́n dúró sí lọ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn alátakò tó mọ ẹ̀gbẹ́ tí eré ń lọ, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ti kọjá. Pápá tó ti bá wọn là ló ń sáré nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 1916. Cumberland, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Tennessee, ti pa ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn tì, àmọ́ àdéhùn wà nílẹ̀ pé tí wọn ò bá wá, wọ́n á san dọ́là 3,000. Heisman kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á fún wọn ní 500 dọ́là àti owó ọkọ̀, kí wọ́n ṣáà wá. Kí ló dé? Ìgbà ìrúwé tó kọjá, Cumberland ti na Georgia Tech 22 sí òdo nínú baseball, ìfura sì wà pé àwọn tó ń gbá a fún owó ni wọ́n kó wá. Èkejì, inú ń bí Heisman sí àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n máa ń ka àpapọ̀ iye ayò tí ikọ̀ kan gbá láti fi mọ ẹni tó dára jù. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé ìṣirò wọn ò nítumọ̀. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn eré ìdárayá ẹlẹgbẹ́ mi, a ò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn o.

Àwọn ọmọ tí kò ju mélòó kan lọ ni Cumberland kó wọkọ̀ ojú irin wá sí Atlanta. Ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́, 63 sí òdo. Ìkejì, 63 mìíràn. 126 ni wọ́n fi lọ sinmi. Wọ́n gé àkókò tó kù kúrú. Nígbà tí rẹfirí máa fi pa á pé ó tó, 222 sí òdo ni. Touchdown méjìlélọ́gbọ̀n. Títí di òní, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó tún gbá irú rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, Georgia Tech kò ju bọ́ọ̀lù síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Cumberland ló ń jù ú, àwọn ọmọ Heisman sì ń já a gbà lófuurufú. Mi ò gbóríyìn fún un lórí èyí. Ẹni tó ti rí bí ọmọ ṣe ń kú lórí pápá kò yẹ kó fi ọmọ ẹlẹ́ni-méjì-ẹni-mẹ́ta gbẹ̀san bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1917 Georgia Tech di akọni orílẹ̀-èdè, ikọ̀ àkọ́kọ́ láti gúúsù tó dé ibẹ̀. Eré mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n gbá tẹ̀léra tí ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Ká má gbàgbé pé nínú gbogbo ògo yìí, ọmọ adúláwọ̀ kan kò lè wọ ẹ̀wù Auburn, Clemson tàbí Georgia Tech láyé ìgbà yẹn. Ọdún 1961 ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́, Ernie Davis, tó gba ife-ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ Heisman.

Ọdún 1919 ni òun àti Evelyn kọ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n ní wọn ò jà. Àdéhùn wọn ni pé ìlú tí obìnrin bá mú, ọkùnrin á kúrò níbẹ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Evelyn mú Atlanta. Heisman kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Pennsylvania tó ti kẹ́kọ̀ọ́, ó lọ sí Washington àti Jefferson, ó parí rẹ̀ sí Rice ní Texas lọ́dún 1927. Kò rí irú Atlanta mọ́ níbì kankan. Ó ti fẹ́ Edith Cole nígbà náà. Wọ́n kó lọ sí New York, ó ń ta ohun èlò eré ìdárayá, lọ́dún 1930 ó sì di ọ̀gá eré ìdárayá ní Downtown Athletic Club. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ máa fún agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní ife-ẹ̀yẹ, wọ́n ní kò kọ́kọ́ wù ú, ó ní eré àjọṣe ni, ẹnì kan kì í dá a gbá. Wọ́n ṣe é náà. Jay Berwanger ti Chicago ló gba ti ọdún 1935. Lọ́jọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1936, òtútù àyà pa Heisman ní New York, ó ku ọgúnjọ́ kó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Wọ́n sin ín sí Rhinelander ní Wisconsin, ìlú ìyàwó rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pe ife-ẹ̀yẹ yẹn.

Tí ẹ bá wo ère tó wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde lóṣù kejìlá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbà á láyé ìsinsìnyí ni àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ọkùnrin orí ère náà kò ju nǹkan kan. Ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ìhà rẹ̀, ó na ọwọ́ kejì síta láti ti ẹni tó ń bọ̀, ó sì ń sáré.